Kọ́ọ̀pù Gàfárù

Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kéde ogun fún wa. Ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ bàtà rọ́bà dé láàárọ̀, kò kí ẹnikẹ́ni, ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú garawa, ó fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sára ògiri ilé Bàbá Adébánjọ, ó sì kọjá sí ilé kejì. Ọ̀dà náà ń ṣàn wálẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ ẹran iléyá. Ọ̀nà márosẹ̀ ni wọ́n fẹ́ là gba Òṣòdì kọjá, àárín pálọ̀ Bàbá gan-an ni ọ̀nà náà sì fẹ́ gbà.

Ìgbà owó epo ni, ọdún tó tẹ̀lé èyí tí wọ́n san owó àfikún tí wọ́n ń pè ní Udójì. Àwọn tí ìjọba ń san owó oṣù fún ra tẹlifíṣọ̀n àti fáànù. Àwa yòókù, eruku ni ìpín tiwa: eruku sìmẹ́ńtì, eruku yanrìn, eruku katapílà tó ń wó ilé onílé. Èmi Àìná, búrẹ́dì ni mò ń tà ní ibùdókọ̀ Bọ́ládé, eruku yìí sì ni àwọn oníbàárà mi ń bá jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá bú mi, èmi náà á bú wọn padà. Inú ọdún yẹn ṣì ń bí mi títí dòní.

Bàbá Adébánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, káfíńtà ni. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kan gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé ilé náà kó tó fi yàrá háyà fún wa. Ìyàwó rẹ̀ tó ń jẹ́ Beatrice ti kú kí èyíkéyìí nínú wa tó kó débẹ̀. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ayálégbé bá bímọ, kò ní wí nǹkan kan, ṣùgbọ́n títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, wàá rí ibùsùn kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ.

Ọ̀gágun ilé wa ni Táòfíkì Abórìṣàdé, ọmọ Ìwó, tí tilé toko ń pè ní Sájẹ́ǹtì. Òun àti ọkọ mi, Gàfárù, ni wọ́n jọ lọ sógun Bìáfírà. Òun nìkan ló bọ̀. Ó tiro wọlé lọ́jọ́ náà, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́ọ̀pù tánganran Gàfárù fún mi, èyí tí ẹnu rẹ̀ ti bó. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀yìn Odò Ọya la fi í sí. N kò lè sọ ibẹ̀ gan-an, torí à ń sá lọ ni." Bàbá Adébánjọ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì wọlé. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ó ti gbẹ́ ọ̀pá fún un, ó fi awọ dì í lórí kó má baà dun abíyá rẹ̀, ó sì fún òun àti ìyàwó rẹ̀, Sẹ̀kínátù, ní yàrá. Kò bèèrè owó ilé lọ́wọ́ wọn títí Sájẹ́ǹtì fi ríṣẹ́ ọdẹ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí Bàbá bá húkọ́, Sájẹ́ǹtì á dìde.

Sájẹ́ǹtì mú àṣà kan bọ̀ láti inú kòtò ogun. Ó ní Gàfárù ló dá a sílẹ̀, mo sì gbà á gbọ́, torí ọkọ mi fẹ́ràn kó máa ṣòfin tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á po tíì sínú kọ́ọ̀pù yẹn kan ṣoṣo. Ẹni tó bá kàn kò gbọdọ̀ mu títí yóò fi sọ ohun kan tó dùn mọ́ ọn lọ́jọ́ náà. "Ọlọ́run dá mi sí" kò wọlé, torí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ni Ọlọ́run dá sí. Ohun tí ojú rẹ rí ni, tàbí tí etí rẹ gbọ́, tàbí tí ẹnu rẹ tọ́ wò. Kò gbọdọ̀ purọ́. Bí kò bá rí nǹkan kan sọ, yóò gbé kọ́ọ̀pù náà kọjá láìmu, ó sì di ọ̀ranyàn fún ẹni tó jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti wá adùn kan fún un.

Nígbà tí mo di opó, ó pẹ́ tí mo fi ń gbé kọ́ọ̀pù náà kọjá. Sẹ̀kínátù ló jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún mi. Obìnrin yẹn kò jẹ́ kí n sinmi. Ó fà mí lọ wo ewúrẹ́ tó bímọ lẹ́yìn mọ́sálásí ní Ìsọlọ̀. Ó ní kí n wá gbọ́ bí kọ̀ǹdọ́kítọ̀ kan ṣe ń fi ohùn orin pe èrò ọkọ̀ Apakun. Lọ́jọ́ kan, ó jọ pé nǹkan tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó kàn wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Àǹtí Àìná, ìró yín bá búláòsì yín mu lónìí o, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo látìgbà tí mo ti mọ̀ yín." Mo bú sẹ́rìn-ín. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo mu tíì, ẹkún sì bá a wọlé.

Wàyí o, látọjọ́ tí ọ̀dà pupa ti kan ògiri, Bàbá ló wá ń gbé kọ́ọ̀pù kọjá. Èmi ni mo sì jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Mo ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀. Mo mú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn wá síwájú rẹ̀. Mo mú búrẹ́dì gbígbóná wá, èyí tí òórùn rẹ̀ tó láti jí òkú. Bàbá á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Tìrẹ nìyẹn, mu ún." Á tún gbé kọ́ọ̀pù náà lé mi lọ́wọ́. Mo máa ń rò ó lọ́kàn mi pé, irú àgbàlagbà wo lèyí, tí ayọ̀ ò rí ibi gbà wọlé sí lára?

Ogun náà sì ń sún mọ́ wa. Wọ́n wú páìpù omi, ẹ̀rọ gbẹ. Wọ́n gbẹ́ kòtò gọ́ta jíjìn yí ilé wa ká, ó di pé orí pátákó là ń gbà jáde bí ará ìlú tí wọ́n dó tì. Àwọn ayálégbé ń kó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń lọ á yọ́ kọjá lójú fèrèsé Bàbá bí ẹni tó jí nǹkan. Nígbà tó yá, ó ku Bàbá, Sájẹ́ǹtì àti ìyàwó rẹ̀, èmi, àti Olúyínká, tíṣà kan tí kò tíì gbéyàwó. Tíì inú páálí tán, kò sì sí ẹni tó lówó òmíràn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé ewé tíì tó hù sẹ́yìn ilé, lábẹ́ fèrèsé Bàbá, ìyẹn ni mo ń sè.

Ọjọ́ tí ẹni tó ń ṣojú kọntirákítọ̀ wá sọ pé katapílà yóò dé ní ọ̀túnla, a pe ìgbìmọ̀ ogun sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sẹ̀kínátù ti rí yàrá fún gbogbo wa ní Okota, nínú ilé kan tí wọn kò tíì rẹ́. Ohun tó kù ni Bàbá, ẹni tó ti sọ pé òun kò ní jáde.

Olúyínká ló kọ́kọ́ dìde. "Wọ́n ti rẹ́ wa jẹ tó! Ẹ jẹ́ ká fáìtì wọn. Ìgò wà, òkúta wà. Sájẹ́ǹtì, ẹ̀yin lẹ ti rójú ogun rí. Àkànní, arí-ìbọn-má-sá! Ẹ ṣáájú, ká tẹ̀ lé yín."

Sájẹ́ǹtì gbé ọ̀pá rẹ̀ sórí itan. Ó ní, "Olúyínká, ọjọ́ tí mo dá ìbọn padà, mo fi ahọ́n kan irin rẹ̀. Mo ní bí mo bá tún gbọ́wọ́ sókè sí ọmọ èèyàn, kí irin bi mí. Má fi oríkì mi tì mí jẹ̀bi ìbúra."

Sẹ̀kínátù ní, "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbé Bàbá nígbà tó bá sùn lọ́sàn-án. Kí la fẹ́ ṣe? Ká máa wò ó títí ògiri á fi wó lù ú?"

"Ẹrù là ń gbé bẹ́ẹ̀," ni Sájẹ́ǹtì fi dá a lóhùn. "Èèyàn ni Bàbá."

Bàbá ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, a kò mọ̀. Ó ní, "Ẹ má ba ara yín jà nítorí mi. Ẹ máa kó lọ. Èmi kò ní lọ síbì kankan, ẹ má sì bi mí ní ìdí."

Sájẹ́ǹtì tiraka dìde. "Bàbá, ọ̀pá tí ẹ gbẹ́ ni mo fi dúró yìí. Bí ẹ kò bá jáde, èmi náà kò jáde. Ibi tí ògiri bá wó lù yín, á bá mi níbẹ̀. Mo búra."

Sẹ̀kínátù figbe ta, ó ká ọwọ́ lérí. Ó bú ọkọ rẹ̀, ó bú ìbúra, ó bú Gàfárù tó ti kú. N kò dá a lẹ́bi. Èmi ti rí bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ méjì gbé kọ́ọ̀pù fún opó, n kò fẹ́ kí wọ́n gbé òmíràn fún un.

Mo mú ọ̀bẹ, mo lọ sẹ́yìn ilé, torí kí n lè rí nǹkan fi ọwọ́ mi ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀, mo dì mọ́ ìdí ewé tíì, mo ń gé e bí ẹni tó ń bá a jà. Bàbá yọ orí lójú fèrèsé.

"Àìná, rọra gé e. Ibi orí rẹ̀ lo tẹ̀ yẹn."

"Orí ta ni, Bàbá?"

"Beatrice."

Mo fò sẹ́yìn, ọ̀bẹ já bọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà mà ju èje lọ! Bàbá jáde wá, ó jókòó sórí òkúta. Ó sọ fún mi pé ìyàwó òun ló bẹ òun pé kí wọ́n sin ín sábẹ́ fèrèsé, torí ibẹ̀ ló máa ń jókòó ṣa ìrẹsì. Beatrice fúnra rẹ̀ ló gbin ewé náà nígbà ayé rẹ̀. Lẹ́yìn tó kú, ewé náà ràn bo gbogbo orí ibojì.

Mo ní, "Bàbá, gbogbo ọjọ́ ni mò ń gé e, ẹ sì ń wò mí! Kí ló dé tí ẹ kò sọ̀rọ̀?"

"Bí mo bá sọ ọ́, ẹ̀rù á bà yín, ẹ kò ní mu ún mọ́. Ó sì dùn mọ́ mi kí ẹ máa mu ún. Beatrice kì í jẹ́ kí àlejò jáde nílé rẹ̀ láìmu nǹkan." Ó nu imú. "Ẹ rò pé n kò rí adùn sọ nírọ̀lẹ́. Látìgbà tí ẹ ti ń mu ewé yìí, mò ń rí i. Ọwọ́ yín ni mo ti ń rí i. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ láìsọ ibi tó ti wá? Gàfárù sì ní ká má purọ́. Èmi fúnra mi, n kò lè mu ohun tó hù lórí ìyàwó mi. Wá wò ó, Àìná, ṣé kí n fi í sílẹ̀ níbí kí táyà lọ́rì máa gun orí rẹ̀?"

N kò mọ ẹni tó fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ mọ ibi tí orí ìyàwó yín wà, ẹ mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Ọkọ tèmi, n kò mọ igi tó hù lórí rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá wọ́n bò ó dáadáa. Kọ́ọ̀pù ni mo ní. Ibi tí mo bá gbé kọ́ọ̀pù yẹn kalẹ̀ sí, ibẹ̀ ni Gàfárù ń gbé. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ǹ bá ti ya wèrè. Ẹ jẹ́ ká wú ewé yìí tòun ti erùpẹ̀ orí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bá wa ká lọ. Bí ẹ bá dúró síbí, Sájẹ́ǹtì á kú tì yín, ta ni yóò wá máa mu nǹkan nílé Beatrice?"

Bàbá fọwọ́ kan erùpẹ̀ ìdí ewé náà. Ó ní, "Á wúwo."

"Kí ni wọ́n dá orí fún, Bàbá?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó yọ ilẹ̀kùn yàrá òun àti ìyàwó rẹ̀ kúrò lára férémù, ó rẹ́ ẹ sí pátákó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan àpótí. Kò gbà ká fi báàfù gbé e. Mo gbọ́ ìró òòlù rẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó dá ọ̀túnla fún wa kò sọ òótọ́. Katapílà dé lọ́jọ́ yẹn kan náà, bí oòrùn ṣe ń mú bọ̀, òun àti àwọn ẹ̀ṣọ́ kọntirákítọ̀ pẹ̀lú kùmọ̀.

Ìjà náà kò pẹ́. Sájẹ́ǹtì gba orí pátákó kọjá, ó dúró síwájú irin ńlá yẹn, ó ju ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láyè díẹ̀. Ìyá kan ń jáde bọ̀." Wọ́n ní kó kúrò. Kò kúrò. Wọ́n la kùmọ̀ mọ́ ọn léjìká, wọ́n nà án lẹ́nu. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ká ọwọ́ sẹ́yìn. Àwọn ọmọ àná tí kò gbóòórùn ẹ̀tù rí ló ń lu ọkùnrin tó fẹsẹ̀ rìn dé Odò Ọya! Olúyínká ti mú ìgò lọ́wọ́, ó ń sáré bọ̀.

Sájẹ́ǹtì fi ẹnu tó kún fún ẹ̀jẹ̀ pariwo: "Olúyínká! Ṣọ́bìrì ni kó o gbé!"

Olúyínká ju ìgò nù. A gbẹ́ ilẹ̀ yẹn bí ajá. A kò wú egungun, àyè kò gbà wá. Ìdí ewé àti erùpẹ̀ tó dì mọ́ ọn la gbé sínú àpótí. Bàbá gé ewé rẹ̀ kúrú kí oòrùn má baà pa á, ó fi díẹ̀ sílẹ̀ kó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí, ó kó ìyókù sápò. Mo gbé àpótí náà rù, mo gba orí pátákó jáde.

Awakọ̀ katapílà rí wa látòkè. Àpótí tuntun, àgbàlagbà tó ṣí fìlà tẹ̀ lé e, obìnrin tó ń sunkún. Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ṣí fìlà tirẹ̀ náà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wo ara wọn, wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kùmọ̀ wọn wálẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ kí wa pé, "Ẹ kú ìrọ́jú." Mo fẹ́ tutọ́ sí i lójú, ṣùgbọ́n ẹrù wà lórí mi.

Bí a ṣe rìn lọ nìyẹn. Bàbá kò jẹ́ ká fi ọmọlanke gbé e, ó ní wọn kì í ti ìyàwó ilé bí àpò sìmẹ́ńtì. Èmi gbé e, Sẹ̀kínátù gbà á, Olúyínká gbà á, ó tún kàn mí. Sájẹ́ǹtì ń tiro lẹ́yìn, ojú rẹ̀ ti wú. A kò tíì rìn jìnnà tí a fi gbọ́ tí ilé wó. Èmi yíjú padà. Bàbá kò yíjú. Lójú ọ̀nà Ìsọlọ̀, àwọn èèyàn ń dìde lórí bẹ́ǹṣì bí a bá ń kọjá, wọ́n rò pé ọmọ kékeré la fẹ́ lọ sin. Wọ́n ń kí wa, à ń dáhùn. Ta ló fẹ́ dúró ṣàlàyé?

Okota nígbà yẹn, omi àti koríko ni, ẹ̀fọn sì ni onílẹ̀. A gbin ewé náà sẹ́yìn ilé kí a tó kó ẹrù wọlé. N kò lè sọ lọ́jọ́ náà bóyá yóò gbà. Egungun Beatrice ṣì wà lábẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ yẹn títí dòní, gbogbo yín lẹ sì ń gbà á kọjá.

Nírọ̀lẹ́, mo se ewé tó wà lápò Bàbá. A jókòó sórí ẹrù. Olúyínká sọ tirẹ̀, pé òun kò mọ̀ pé òun lè gbẹ́ ilẹ̀ báyẹn. Sẹ̀kínátù ní ohun tó dùn mọ́ òun ni pé òun kò di opó. A ní kò wọlé, ó ní tí kò bá wọlé ká lọ pe ọlọ́pàá, ó sì mu tirẹ̀. Kọ́ọ̀pù kan Sájẹ́ǹtì. Ó dì í mú. Ó mi orí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti togun dé, ó gbé e kọjá láìmu.

Bàbá ló jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Bàbá gba kọ́ọ̀pù náà. Ó ní, "Táòfíkì, ẹ̀jẹ̀ dí ọ lójú, o kò rí i. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí fún ọ. Nígbà tí Àìná gbé e kọjá ní Ìsọlọ̀, ewé tó kù lórí rẹ̀ ń mì síhìn-ín, ó ń mì sọ́hùn-ún. Bí Beatrice ṣe máa ń mi orí nìyẹn bí a bá ń tọjà bọ̀, tí ó bá rí nǹkan rà ní pọ́ọ́kú. Mo rẹ́rìn-ín lẹ́yìn àpótí ìyàwó mi. Mo fún ọ. Tìrẹ ni."

Ó gbé kọ́ọ̀pù sí i lẹ́nu níbi tí kò wú, ó rọra dà á sí i, bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ lágbo. Sájẹ́ǹtì mu, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, tiyín ńkọ́?"

Bàbá wò ó títí ó fi gbé e mì. Ó ní, "Tèmi ni pé ó mu ún."

Ó wá gbé kọ́ọ̀pù Gàfárù sẹ́nu ara rẹ̀, ó mu ún dé ìsàlẹ̀. Kò ku ẹ̀kán kan fún èmi tí mo sè é, n kò sì bínú.